Obìnrin Tó Ń Ṣa Ẹ̀wà Lẹ́nu Ọ̀nà

Ẹ kú ilé o, Bàbá mi. Bí ó bá jẹ́ àárọ̀ ni wọ́n ka ìwé yìí sí yín létí, ẹ kú àárọ̀. Bí ó bá sì jẹ́ lẹ́yìn ìrun alásárì ni, ẹ kú ìrọ̀lẹ́. Èmi Rísíkátù ni mo kúnlẹ̀ yìí, láàárín wáyà àti kọ̀ǹpútà, nínú ṣọ́ọ̀bù tí mo ti ń ṣiṣẹ́ ní Pápá Àjàó. Mo kí Màmá mi, tí kì í jẹ́ kí fóònù dún lẹ́ẹ̀mejì kó tó gbé e. Mo kí ẹ̀gbọ́n mi, Bọ̀dá Gàníyù, àkọ́bí yín. Ọ̀rọ̀ inú ìwé yìí kàn án díẹ̀, kó má bínú sí mi. Mo kí gbogbo ará ilé wa ní Iléṣà, àti àwọn aládùúgbò tí wọ́n ti gbọ́ ohun tí a sọ nípa yín.

Ẹ lè máa rò ó pé kí ló dé tí mi ò kàn pè yín, kí n sọ tẹnu mi, tí mo fi gbé e fún àwọn tó ń tẹ ìwé ìròyìn. Bàbá, kì í ṣe kọ̀rọ̀ ni a ti sọ ọ̀rọ̀ tí a sọ nípa yín. Ìpàdé ẹbí ni. Ojú gbogbo ẹbí ni Bọ̀dá Gàníyù ti ní ẹ ti ń ṣarán, èmi ni wọ́n sì pè lórí fóònù láti wá jẹ́rìí sí i. Mo jẹ́rìí, gbogbo wọn gbọ́ mi. Gbangba làṣá ń ta. Níbi tí mo ti sọ ọ̀rọ̀ náà ni mo fẹ́ ti kó o jẹ.

Kí àwọn tí kò mọ̀ wá lè bá wa lọ, ẹ jẹ́ kí n rán ara wa létí. Ẹ̀yin lẹ ń yí ẹ̀rọ sinimá ní gbọ̀ngàn ìlú wa nígbà tí àwọn èèyàn ṣì ń tò sẹ́nu ọ̀nà láti wo fíìmù. Nígbà tí gbọ̀ngàn náà kógbá wọlé, ẹ ṣí ṣọ́ọ̀bù síwájú ilé, ẹ ń tún rédíò ṣe. Iṣẹ́ yẹn lẹ fi rán àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta níwèé.

Ní Iléyá èṣí, mo fi fúláàṣì kan ránṣẹ́ sí yín. Fíìmù kan ṣoṣo ló wà lórí rẹ̀, èyí tí ẹ máa ń sọ fún wa pé àwọn èèyàn ò jẹ́ kí ẹ gbé kúrò lórí ẹ̀rọ fún odidi oṣù mẹ́ta. Ìtàn ọkùnrin kan tó gbìmọ̀ pẹ̀lú ọ̀rẹ́ rẹ̀ láti ta ilé bàbá wọn lẹ́yìn àwọn àbúrò rẹ̀ ni, tí ìyàwó rẹ̀ sì tú àṣírí náà níwájú ẹbí. Mo rò pé inú yín á dùn, inú yín sì dùn fúngbà díẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tó kan ibi tí ọkùnrin náà àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ ti ń gbìmọ̀ nínú pálọ̀, ẹ dìde, ẹ sún mọ́ tẹlifíṣọ̀n, ẹ wo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Màmá ní ẹ tiẹ̀ wo ẹ̀yìn rẹ̀ pàápàá. Ẹ wá béèrè pé, "Ìyàwó tó ń ṣa ẹ̀wà lẹ́nu ọ̀nà ńkọ́?"

Kò sí ìyàwó kankan lẹ́nu ọ̀nà. Ẹnu ọ̀nà gan-an, kò sí. Ọkùnrin méjì ló jókòó sórí àga, ògiri ló wà lẹ́yìn wọn. Àwọn ọmọ Bọ̀dá Gàníyù rẹ́rìn-ín. Ẹ ní kí wọ́n dá a padà, wọ́n dá a padà lẹ́ẹ̀mẹta. Ẹ ṣàlàyé gèlè onílà tó wé, atẹ tó gbé lé itan, àti bí ọwọ́ rẹ̀ ṣe dúró gbagidi lórí ẹ̀wà nígbà tó gbọ́ orúkọ ilé náà. Kò sẹ́ni tó rí ohun tí ẹ ń sọ. Inú bí yín, ẹ pa tẹlifíṣọ̀n, ẹ jáde lọ jókòó sábẹ́ igi ọsàn.

Láti ọjọ́ náà ni gbogbo nǹkan tí ẹ bá ṣe ti di ẹ̀rí. Ẹ wá ìgò ojú yín tì, wọ́n ní, "Ẹ ò rí i bí?" Ẹ fi orúkọ ọmọ kan pe ọmọ mìíràn, ohun tí kò sí bàbá olọ́mọ púpọ̀ tí kì í ṣe é, wọ́n ní iyè yín ti ń ra. Ẹ̀rù wá ń ba Bọ̀dá Gàníyù pé iná lè gbé yín nídìí rédíò. Ó ti ṣọ́ọ̀bù yín pa, ó mú kọ́kọ́rọ́ lọ. Nígbà tí ẹ kò gbà ni wọ́n pe ìpàdé.

Wọ́n pè mí nítorí pé èmi ni mo ń ṣiṣẹ́ fíìmù. Bọ̀dá Gàníyù bi mí bóyá mo mọ fíìmù náà. Mo ní mo mọ̀ ọ́n bí ẹni mọ owó. Ó bi mí bóyá obìnrin kan jókòó sẹ́nu ọ̀nà nígbà tí wọ́n ń gbìmọ̀. Mo ní kò sí. Mo fi Ọlọ́run búra, láìsí ẹni tó ní kí n búra. Mo tún fi kún un pé ó ní láti jẹ́ pé fíìmù mìíràn lẹ fi ń pè é. Mo wá gbọ́ ohùn yín láti ọ̀nà jíjìn. "Rísí, ṣé ó dá ẹ lójú?"

Mo ní ó dá mi lójú.

Bàbá, Màmá ti sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn ìyẹn fún mi. Ó ní ẹ ò bá ẹnikẹ́ni jiyàn mọ́. Ó ní ẹ máa ń kírun tán kí ẹ tó bi í bóyá ẹ ti kírun. Òjò á rọ̀, ẹ̀yin á bi í bóyá òjò rọ̀ lóòótọ́. Ó ní kì í ṣe pé ẹ gbàgbé o, ẹ kò kàn gba ara yín gbọ́ mọ́ ni. Nígbà tó sọ bẹ́ẹ̀ fún mi, mo lọ sẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù, mo sunkún. Síbẹ̀ n kò tíì mọ̀ nígbà yẹn pé ọwọ́ mi ni nǹkan náà ti wá.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí iṣẹ́ wa ṣe rí, nítorí mi ò rò pé mo tí ì ṣàlàyé rẹ̀ fún yín rí. Àwọn tó ni fíìmù àtijọ́ ló ń gbé e wá fún wa, àwa ni a ń ṣètò rẹ̀ kí àwọn èèyàn lè wò ó nílé, lórí sídì nígbà kan, lórí fúláàṣì báyìí. Nígbà tí mo kọ́kọ́ dé, bó ṣe wá ni a ń ṣe é. Bí wọ́n bá fi í sórí tẹlifíṣọ̀n, dúdú á wà lókè, dúdú á wà nísàlẹ̀, àwòrán á wà láàárín. Àwọn oníbàárà wa ò fẹ́ dúdú yẹn rárá. Wọ́n ń dá fíìmù padà lójoojúmọ́. Wẹ́dà tó ń jó irin lójúde wa ló sọ ọ́ jù. Ó kó fúláàṣì rẹ̀ wá, ó gbé e lé tábìlì, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, fúùlù tẹlifíṣọ̀n ni mo rà, hááfù fíìmù lẹ tà fún mi. Ta ló jẹ òkè, ta ló jẹ ìsàlẹ̀?"

Ó sú ọ̀gá wa, tí gbogbo èèyàn ń pè ní Ẹ̀gbọ́n Múfú. Ó pàṣẹ pé gbogbo fíìmù tó bá ti ọ̀dọ̀ wa jáde gbọ́dọ̀ kún ojú tẹlifíṣọ̀n bámúbámú. Ohun tó rọrùn fún kọ̀ǹpútà láti ṣe ni. Á fẹ àwòrán náà títí dúdú òkè àti tìsàlẹ̀ á fi tán, ohun tó bá sì yọ síta lápá ọ̀tún àti lápá òsì, á gé e dànù. Èmi ni mo ń ṣe iṣẹ́ yẹn. N kì í wo ti àkọ́kọ́, èyí tí a ti gé ni mo máa ń wò, láti rí i pé ohùn rẹ̀ bá ẹnu mu. Wọn ò dá fíìmù padà mọ́, àwọn èèyàn ń yìn wá, èmi náà ń yan.

Ọ̀sán ọjọ́ kan ni ọ̀rọ̀ tú. Òjò ń rọ̀ bí ẹni pé kò ní dá mọ́, omi ojú gọ́tà ti gun orí àtẹ̀gùn wa, iná sì ti lọ. Tíṣà kan láti Yábà, Àǹtí Fọlákẹ́, wọlé pẹ̀lú fúláàṣì tó fi ọ̀rá wé. Òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ máa ń ta aṣọ funfun sára ògiri kíláàsì wọn ní ọjọ́ Sátidé, wọ́n á wo fíìmù àtijọ́, wọ́n á sì máa jiyàn lé e lórí. Fíìmù yín yìí gan-an ló rà lọ́wọ́ wa. Ó ní òun kò bá ìjà wá, òun fẹ́ béèrè ni.

Ẹ̀yin ẹ gbọ́ ohun tó ń dà á láàmú. Ní àdúgbò wa níbí, gbogbo ẹni tó wo fíìmù náà gbà pé àjẹ́ ni ìyàwó yẹn. Báwo ló ṣe mọ ohun tí ọkọ rẹ̀ bá ọ̀rẹ́ rẹ̀ sọ nínú pálọ̀, nígbà tí kò sí níbẹ̀? Wẹ́dà ojúde wa ti búra pé òun mọ irú ojú yẹn, pé ìyá ìyàwó òun ní in. Èmi náà gbà pé àjẹ́ ni. Àǹtí Fọlákẹ́ nìkan ni kò gbà. Ó ní ẹni tó bá ṣe fíìmù tó mọ́ bẹ́ẹ̀ kò ní ṣe irú àìbìkítà bẹ́ẹ̀ nínú ìtàn. Ó ní òun ti ṣọ́ ojú ọkọ náà. Bó ti ń sọ̀rọ̀, ẹ̀ẹ̀mejì ló wo ẹ̀gbẹ́ kan, ó sì rẹ ohùn sílẹ̀. Ta ló ń wò?

Mo dá a lóhùn pé kò wo ẹnikẹ́ni. Mo ní mo mọ fíìmù náà, mo ti búra lé e lórí rí. Ó rọra ní kí n jọ̀ọ́, kí n ṣí èyí tí a kò tíì fọwọ́ kàn fún òun. Mo sọ pé kò sí iná. Bí mo ti sọ ọ́ tán, iná dé. Mo ṣí i kó lè tètè lọ.

Dúdú wà lókè, dúdú wà nísàlẹ̀. Ọkùnrin méjì jókòó láàárín. Lápá òsì pátápátá, ilẹ̀kùn kan ṣí sílẹ̀, obìnrin kan sì jókòó sórí àpótí lẹ́nu ọ̀nà, ó wé gèlè onílà, ó gbé atẹ lé itan, ó ń ṣa ẹ̀wà. Nígbà tí wọ́n dárúkọ ilé náà, ọwọ́ rẹ̀ dúró.

Àǹtí Fọlákẹ́ ń pàtẹ́wọ́, ó ń rẹ́rìn-ín bí ọmọdé. Èmi dá a padà, mo tún un wò. Bàbá, ẹ rí i. Ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn tí ẹ fi í hàn kẹ́yìn, ẹ ṣì rántí ìlà ara gèlè rẹ̀. Èmi tí mo ní ó dá mi lójú, èmi gan-an ni mo fi ọwọ́ ara mi gé e dànù, tí mo sì fi èyí tí mo gé ránṣẹ́ sí yín bí ẹ̀bùn ọdún. Nígbà tí ẹ béèrè rẹ̀, mo sọ fún gbogbo ẹbí pé orí yín ni kò pé.

Mo sọ ọ́ fún Àǹtí Fọlákẹ́. Ó ní kí n pè yín lójú ẹsẹ̀, ṣùgbọ́n mi ò lè pè. Mo rìn padà sí Ìjẹ̀ṣà-Tẹ̀dó nínú òjò yẹn, mo jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló wà nínú ilé tí mo ń gbé, ìyálé kan ń bá ọmọ rẹ̀ wí, wọ́n ń sẹ́ ògì nínú kíṣìnnì, síbẹ̀ kò sí ẹni tí mo lè sọ fún pé mo ti ṣe bàbá mi ní ibi. Ìyẹn ni ìdánìkanwà Èkó tí mi ò mọ̀ kí n tó kúrò nílé.

Láti ìgbà náà, ara mi ò balẹ̀. Tí àwọn yòókù bá lọ jẹun ọ̀sán, mo máa ń ṣí fíìmù méjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, èyí tí wọ́n gbé wá àti èyí tí mo gé, màá fi etí pépà wọn ohun tó lọ. Nínú ọ̀kan, ìyá ìyàwó wà níbi ìgbéyàwó ọmọ rẹ̀, èjìká rẹ̀ nìkan ni mo ṣẹ́kù fún un. Nínú òmíràn, gbogbo wa la máa ń gbọ́ tí àwọn èèyàn ń rẹ́rìn-ín, a ò mọ ohun tó ń pa wọ́n lẹ́rìn-ín. Ewúrẹ́ kan ló ń jẹ fìlà ọba lẹ́gbẹ̀ẹ́ tí mo gé. Mo dá rẹ́rìn-ín nínú ṣọ́ọ̀bù, ẹni tó ń kọjá rò pé orí mi ti yí. Mo tún bi wẹ́dà léèrè ìdí gan-an tí kò fi fẹ́ràn dúdú yẹn. Ó ní bí èèyàn bá ti kọ́ ilé tán, kì í fi kọ́kọ́rọ́ ti yàrá méjì pa. Tẹlifíṣọ̀n tó fi òógùn ojú rẹ̀ rà ni, mi ò lè pè é ní òmùgọ̀.

Mo wá ń rántí yín ní gbọ̀ngàn. Alákòóso gbọ̀ngàn náà fẹ́ fi bẹ́ǹṣì méjì kún ìjókòó lápá ọ̀tún, kí ó lè rí tíkẹ́ẹ̀tì tà sí i, bẹ́ǹṣì náà sì dí etí aṣọ tí àwòrán ń bọ́ sí. Ẹ kọ̀ láti tan ẹ̀rọ. Èrò ń pariwo, wọ́n ń fẹsẹ̀ jánlẹ̀, ẹ káwọ́ lẹ́yìn, ẹ dúró títí wọ́n fi gbé bẹ́ǹṣì kúrò. Wọ́n ní aṣọ ọ̀hún náà kéré fún àwòrán, ẹ gba aṣọ bẹ́ẹ̀dì funfun méjì tí wọ́n fi sin Màmá wá sílé ọkọ, ẹ rán wọn pọ̀. Ọjọ́ pípẹ́ ni Màmá fi bá yín jà lórí rẹ̀. Nígbà náà, agídí ni a pè é.

Mo ti fi obìnrin náà han Ẹ̀gbọ́n Múfú. Ó wò ó dé òpin. Lẹ́yìn náà ló ní bí a bá dá dúdú padà, àwọn oníbàárà á pa òun lẹ́kún. Àríyànjiyàn wa pẹ́. Ibi tí a parí rẹ̀ sí ni pé a óò máa fi méjèèjì sórí fúláàṣì, èmi ni màá sì máa ṣàlàyé fún ẹni tó bá béèrè. Àwọn kan ṣì ń yan èyí tó kún. Wẹ́dà wo odindi rẹ̀, ó ní áà, obìnrin yìí kì í ṣe àjẹ́ o. Ó dà bíi pé ó dùn ún díẹ̀.

Mo pe Bọ̀dá Gàníyù, mo sì fi àwòrán náà ránṣẹ́ sí i. Ó ní ẹ̀rù ló ba òun nítorí yín, òun kò fẹ́ kí iná pa yín. Mo mọ̀ pé òótọ́ ló sọ. Ó ní òun á kó àwọn tó wà nípàdé wá lẹ́yìn ìrun Jímọ̀, òun á sọ ọ́ lójú wọn, òun á sì fi kọ́kọ́rọ́ ṣọ́ọ̀bù lé yín lọ́wọ́. Mo bẹ̀ yín, ẹ gbà á. Bí ẹ bá ń bínú, èmi ni kí ẹ bínú sí.

Mo tún ní ìbéèrè kan, Bàbá, ẹ̀yin nìkan ni mo mọ̀ tó lè dá mi lóhùn. Fíìmù kan wà níbí tí tirẹ̀ yàtọ̀. Èyí tí wọ́n gbé wá ga ju gbogbo àwọn yòókù lọ, kò fẹ̀ tó wọn, ó sì ku díẹ̀ kó dọ́gba lórígun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Lókè orí àwọn òṣèré, mo rí ọ̀pá gígùn kan tí wọ́n so ẹ̀rọ agbóhùn mọ́ lẹ́nu, ó ń tẹ̀lé wọn káàkiri pálọ̀. Ká ní èrò rí ìyẹn ní gbọ̀ngàn, wọn ì bá ti rẹ́rìn-ín kú. Ṣé nǹkan kan wà nínú ẹ̀rọ yín tí ẹ fi ń bo òkè yẹn? Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, a jẹ́ pé ohun kan wà tó yẹ kí a gé. Báwo lẹ ṣe ń mọ ibi tó yẹ kí ọwọ́ dúró? Ẹ̀gbọ́n Múfú kò mọ̀ ọ́n, Àǹtí Fọlákẹ́ náà kò mọ̀ ọ́n. Wọ́n ní kí n bi yín, a ń retí yín.

Mi ò lè dá ọjọ́ ìpàdé yẹn padà. Mo ń rántí bí ẹ ṣe bi mí pé ṣé ó dá mi lójú. Ìbéèrè gidi ni, mo sì fi ẹnu dá a lóhùn láì lọ wò ó. Ẹ dárí jì mí. Tí ẹ bá tún rí ohun tí àwa kò rí, ẹ má ṣe bi wá bóyá ó wà níbẹ̀. Ẹ ní kí a padà lọ wá a.

Ọlọ́run á bá wa dá ojú yín sí, á sì jẹ́ kí iyè yín máa jí pépé ju ti àwa ọmọ yín lọ. Ẹ ò ní fọwọ́ rọ́rí sunkún lórí wa. Ẹ bá mi kí Màmá, kí ẹ ní ọjọ́ tí mo bá ń bọ̀, màá mú aṣọ bẹ́ẹ̀dì méjì dání. Ẹ bá mi kí àwọn ọmọ Bọ̀dá Gàníyù, ẹ ní kí wọ́n jókòó ti bàbá wọn àgbà kí wọ́n wo odindi fíìmù náà. Mo kí gbogbo ìdílé wa lọ́kọ̀ọ̀kan.

Èmi ni, Rísíkátù, ọmọ yín, tó búra lórí ohun tí òun fúnra rẹ̀ gé dànù.